Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn àdúgbò bá gba ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ mú ní Òṣogbo ni ó ti kọ́kọ́ jókòó níwájú dókítà àdúgbò wọn kí wọ́n tó dé Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn. Bí ìwádìí lórí oògùn tuntun bá mọ sí ilé ìwòsàn ńlá nìkan, owó ọkọ̀ ni yóò máa yan ẹni tí yóò kópa. Irú ìṣòro yìí ni wọ́n rí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi dá ètò kan sílẹ̀ ní 1983, èyí tí ó gbé ìwádìí jẹjẹrẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà àdúgbò. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní NCORP ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 2014. Èrò náà yẹ wá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tí a kà sí ọlá wa jù lọ, ìyẹn bí àwọn aláìsàn ṣe mọ̀ wá tí wọ́n sì fọkàn tán wa, ni ó lè kọ́kọ́ kó wa sí ìjọ̀ngbọ̀n.

Ẹ má ṣe fi ìfọkàntán rọ́pò ìfọwọ́sí. Màmá kan tí ó ti ń gbàtọ́jú lọ́dọ̀ yín láti ọdún mẹ́wàá yóò kàn ní, “Dókítà, ohun tí ẹ bá ti wí náà ni,” yóò sì na ọwọ́ sí bírò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Kò tíì mọ̀ pé bí ìwádìí náà bá jẹ́ èyí tí ó ń fi oògùn méjì wéra, kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó yan èyí tí yóò kàn án, pé kọ̀ǹpútà ni yóò pín wọn bí ẹni ṣẹ́ gègé, tí ẹ̀yin náà sì lè má mọ èyí tí ó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, kí ó máa lọ sílé lọ rò ó, kí ó padà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó yé e, kí ẹ tó gbé ìwé síwájú rẹ̀. Ẹbí lè jókòó tì í, ọkọ àti àkọ́bí ọkùnrin lè béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé kà, ẹlẹ́rìí tí kò sí lára àwọn olùwádìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé títí dé ìgbà tí yóò tẹ̀ka.

Bí aláìsàn bá sì bi yín pé, “Ṣé ẹ fẹ́ fi mí dánwò ni?”, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò gbàgbé ìwádìí oògùn Trovan tí ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer ṣe fún àwọn ọmọdé ní Kánò nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní 1996, tí ẹjọ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún dá lé bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, a kò tíì mọ̀ bóyá oògùn yìí sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìdí tí a fi ń wádìí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má ṣe ti ọkàn yín yọ àwọn kan kúrò. “Ìyá yìí, ẹ̀fọ́ ni ó ń tà ní Ọjà Ọba, kò lè yé e” kò sí nínú ìlànà ìwádìí kankan tí mo tíì kà. Ìlànà náà ti sọ irú jẹjẹrẹ àti irú ara tí ó yẹ. Ẹ má ṣe fi tiyín kún un.

Ibi tí kò hàn sójú ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, ìyẹn inú ìgò tí a kó ẹran ara tí a gé lára ọmú sí. Fọ́málìn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ni ó yẹ kí ó wọ̀, láàárín wákàtí kan tí a gé e, kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 6 tàbí ju 72 lọ níbẹ̀ bí a bá fẹ́ kí àyẹ̀wò HER2, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá irú oògùn kan yẹ jẹjẹrẹ ọmú náà, ṣeé gbà gbọ́. Ẹ wá wo ẹran ara tí a gé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ, tí ó wá dé yàrá àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó ti kọjá ààlà. Obìnrin tí oògùn náà ìbá ràn lọ́wọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí wọ́n ní kò yẹ, kò sì ní mọ̀ láé pé ìgò ni ó ṣe é. Ẹ má ṣe gé ẹran ara ní ọjọ́ Ẹtì bí ẹ kò bá tíì bá ẹni tí yóò gbé e sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé “ọ̀fẹ́ ni” kí ẹ sì dákẹ́. Oògùn ìwádìí lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kí àwòrán CT, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti owó ọkọ̀ sì wà lọ́rùn aláìsàn. Ẹ kọ ẹni tí yóò san ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìsí àṣẹ NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ẹni tí ó ń mu àgbo, nítorí yóò fi pa mọ́ fún yín ni, bẹ́ẹ̀ ẹ nílò láti mọ ohun tí ó ń bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun kò ṣe mọ́, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì ṣe rán ẹbí sí i. Ìtọ́jú tí ó ń gbà lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò tún wá sínú káàdì rẹ̀ kí ó tó dìde lórí àga.