Bí o ṣe lè múra sílẹ̀ fún intáfíù iṣẹ́, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé

“Sọ nípa ara rẹ fún wa.” Ìbéèrè yìí ló sábà máa ń ṣáájú, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á máa ka orúkọ, ìlú, iye ọmọ tí ìyá wọn bí, títí dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. CV tó wà lórí tábìlì ti sọ èyí tó wúlò níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó jókòó yẹn fẹ́ gbọ́ ni iṣẹ́ tí o lè bá wọn ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà lára àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ kí n tó padà wálé sí Òṣogbo. Ní báyìí, àwọn ọmọ UNIOSUN àti àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń wá bá mi ní Òkè-Fìà: “Àǹtí, wọ́n ti pè mí o!” Inú mi máa ń dùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ti ṣe rí.

Ọmọbìnrin kan tó ka ìṣírò owó dá mi lóhùn pé, “Mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí, mà.” Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun máa ń bá màmá òun ta èlò oúnjẹ ní Ọjà Ọba. Ta ló ń ṣọ́ àwìn? “Èmi ni, mà.” Àṣé orí ni màmá ń fi gbogbo gbèsè sí tẹ́lẹ̀, ìjà kì í sì í tán láàárín àwọn àti oníbàárà. Ọmọ yìí ra ìwé kan, ó fa ìlà sí i: orúkọ, ọjà, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Ẹni tó bá gbàwìn á fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, àríyànjiyàn dópin, owó sì ń wọlé lásìkò.

Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni? A tò ó báyìí: “Mo ka ìṣírò owó. Nínú òwò ìdílé wa, gbèsè máa ń dá ìjà sílẹ̀ nítorí pé a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣí ìwé fún un, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó lásìkò. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ wá ṣe níbí.” Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tó bàjẹ́, ohun tí o ṣe sí i, ibi tó yọrí sí. Wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, láti ibi IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ kó tó jáde), láti inú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Má fi irọ́ kún un o. Ìbéèrè kejì á tú u.

Má há a sórí. Kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ìwọ fúnra rẹ, kí o tó wá máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sókè ketekete. Fi fóònù gba ohùn rẹ sílẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ ilé wa dára, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń lò ó níbẹ̀. Bí o bá wọlé, kí wọn, tẹrí ba díẹ̀, kí o dúró títí wọ́n á fi ní kí o jókòó. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja kò pọn dandan. Wo ojú ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó máa kà á sí àfojúdi. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ṣe nǹkan, sọ pé “mo ṣe é.” Àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé “a ṣe é” nítorí ìtìjú, a ò sì ní mọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe.

Lọ wo iléeṣẹ́ náà kí ọjọ́ tó pé. Bó bá jẹ́ báńkì, yà sí ẹ̀ka wọn kan níbí, kí o wo ibi tí èrò ti ń pọ̀ àti ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lé lórí.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o fi orúkọ wéra: ti WAEC, ti yunifásítì, ti NIN, ti àgùnbánirọ̀ (tàbí ìwé ìyọ̀ǹda fún ẹni tó ti lé ní 30 ọdún kó tó jáde). Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù báyìí, má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi ọ́. Ẹ̀dà ni kí o fún wọn, kí ojúlówó padà sínú àpò rẹ.

Ní ti aṣọ, kó mọ́, kó bá ọ mu, kí o lọ̀ ọ́ nígbà tí iná bá wà. Òkìríkà tó dáa kò ní àbùkù kankan.

Bó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n pè ọ́ sí, lọ sùn sọ́dọ̀ ẹbí rẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yẹ orúkọ iléeṣẹ́ náà wò lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, bí wọ́n bá pè ọ́ síbi tí o kò kọ̀wé sí, tàbí tí wọ́n ní kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, má lọ rárá.

Bí wọ́n bá bi ọ́ ní iye owó oṣù tí o fẹ́, má ṣe sọ pé “ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fún mi.” Bi àwọn tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà léèrè ṣáájú, ṣírò owó ọkọ̀ àti owó ilé, kí o wá sọ ó kéré tán àti ó pọ̀ tán. Bí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá gbà ti ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí o tó sùn, kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ sínú ìwé, pàápàá èyí tí o kò rí dáhùn. Iléeṣẹ́ mìíràn lè tún bi ọ́ ní ọ̀kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.