Kí ẹ tó fa ọkọ̀ yín lé àwọn tó ń fọ ọkọ̀ lọ́wọ́ l'Ábùjá

Kí ẹ tó béèrè iye tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀, tí wọ́n sì ń dán an, ń gbà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí eruku. Láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ wá láti Sàhárà, iyanrìn wẹ́wẹ́ ló máa ń bo ọkọ̀ wa níbí. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nù ún, ọ̀dà ọkọ̀ yín ló ń ha. Ọkọ̀ dúdú ni mò ń lò ní Gwarinpa, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ti ha bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ jókòó níbẹ̀, kí ẹ wò wọ́n lórí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ní ibi tí mò ń lọ ní Kubwa, omi ni ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ fi ń lé eruku lọ ná, láti òrùlé wá sísàlẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án rárá. Lẹ́yìn náà ló máa gbé garawa méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán. Tó bá fọ ilẹ̀kùn kan tán, á ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ omi lásán, á fún un dáadáa, kó tó dá a padà sínú ọṣẹ. Tó bá parí, ẹ yọjú wo ìsàlẹ̀ garawa omi yẹn: ẹrẹ̀ pupa tó rogún síbẹ̀, ara ọkọ̀ ni wọn ì bá máa fi ra. Tí ẹ bá rí i pé kànìnkànìn táyà náà ni wọ́n tún ń gbé sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yáa máa lọ.

Ẹ bi wọ́n léèrè ọṣẹ pẹ̀lú. Ọṣẹ ìfọṣọ máa ń ṣí wáàsì (wax), ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà kó lè máa dán, kúrò lára ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ póólíìṣì ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Wáàsì ń bo ọ̀dà ni, ṣùgbọ́n póólíìṣì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe máa ń ha díẹ̀ kúrò lára clear coat, ìyẹn ìpele tó mọ́ gaara lókè ọ̀dà. Ìpele yẹn kì í sábà nípọn tó fọ́nrán irun orí. Tí wọ́n bá ha á tán, àfi kí ẹ tún ọkọ̀ kùn. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa wá ṣe é lóṣooṣù, owó yín ló ń wá. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lè tún ẹ̀gbẹ́ kan kùn rí, á sì dán an wò níbi kékeré kan kí ẹ rí i. Tó bá fẹ́ ṣe ceramic coating fún yín, ìyẹn èròjà olómi tó máa ń le mọ́ ọ̀dà lára, láì kọ́kọ́ mú àwọn ìlà tí wọ́n ti ha sára ọkọ̀ kúrò, ẹ kọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa wà.

Ní ti inú ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n má da omi sábẹ́ ìjókòó, torí wáyà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa omi. Lásìkò òjò, ìjókòó tí kò bá gbẹ á máa rùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òróró dídán kun dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa tàn sí yín lójú nínú gíláàsì iwájú.

Tí wọ́n bá ti parí, ẹ ní kí wọ́n wà á jáde lábẹ́ òrùlé bọ́ sí oòrùn. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ fọwọ́ ra etí wọn. Tí eruku bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n parí iṣẹ́ kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.