Bí mo ṣe ṣírò àkókò tí ìfiránṣẹ́ ń jẹ nínú iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà 64 jọ ń ṣe

Ètò kan ni mo kọ láti ṣírò bí ooru ṣe ń tàn ká lórí irin pẹlẹbẹ. Mo pín irin náà sí ojú 1024 níbùú àti 1024 lóròó, mo sì pín gbogbo rẹ̀ ní bùlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin fún kọ̀ǹpútà 64 tó ń fi MPI, ìlànà tí àwọn ètò fi ń fi ìfiránṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn, bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba iye tó wà ní etí bùlọ́ọ̀kù àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó lè ṣírò ojú tirẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí àkókò ń lọ kí n tó tún ohunkóhun ṣe.

Àwòṣe tí mo lò rọrùn: ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò ìbẹ̀rẹ̀ tí kò yí padà, ì báà kéré, ì báà tóbi, lẹ́yìn náà ni báìtì kọ̀ọ̀kan wá ń fi ìwọ̀nba tirẹ̀ kún un. Àwòṣe LogP tó jáde ní 1993 tún ya àkókò tí prósẹ́sọ̀ fi ń múra sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò tí ìfiránṣẹ́ fi wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà méjì tó fún ohun tí mò ń wá.

Láti rí nọ́ńbà méjèèjì, mo jẹ́ kí ẹ̀dà ètò méjì máa ju ìfiránṣẹ́ síra wọn nígbà ẹgbẹ̀rún, mo sì pín àkókò àlọ àti àbọ̀ sí méjì. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ti ṣe é, nítorí náà àkókò ìbẹ̀rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ gan-an. Nígbà tí mo yà wọ́n sórí ẹ̀rọ méjì, mo rí microsecond 2, ìyẹn ìdá 2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, àti microsecond 0.1 fún ẹgbẹ̀rún báìtì.

Etí bùlọ́ọ̀kù kan ní nọ́ńbà 128, èyí tó jẹ́ báìtì 1024, nítorí náà ìfiránṣẹ́ mẹ́rin yóò gba nǹkan bíi microsecond 8.4. Ìṣirò ojú 16384 tó kan kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń gba 16.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.8, àmọ́ 38 ni aago fi hàn mí. Mo kọ́kọ́ rò pé àwòṣe náà ni kò dára. Nígbà tí mo tún ètò náà kà ni mo rí i pé ní gbogbo ìpele ni àwọn kọ̀ǹpútà ń para pọ̀ wá ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín iye ìpele kan àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti tó. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń gba ìpàṣípààrọ̀ mẹ́fà léraléra, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ó fi 2 pín 64 kó tó ku 1, ìyẹn sì jẹ́ microsecond 12 ó kéré tán. Ó ju ìfiránṣẹ́ etí lọ! Mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan ní ìpele 20. Ètò náà lè fi ìpele 19 kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpele ló ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀já gbọọrọ tó gba gbogbo ìbú irin náà rọ́pò bùlọ́ọ̀kù. Báìtì tí ọ̀já ń fi ránṣẹ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 8192 fún etí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ méjì péré ni, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 5.6. Pẹ̀lú ìṣirò 16.4 àti 0.6 tí ìpàdé ń gba báyìí, àwòṣe náà sọ 22.6 fún ìpele kan. Aago sọ 24.

Bùlọ́ọ̀kù kò ní borí ọ̀já títí ìbú irin náà yóò fi kọjá ojú bíi 3300. Mo ṣírò ti ojú 16384 pẹ̀lú: ìfiránṣẹ́ bùlọ́ọ̀kù yóò gba 14.6, ti ọ̀já yóò gba 30.2. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n yẹn, ìṣirò nìkan yóò ti ju microsecond 4000 lọ ní ìpele kan, ìyàtọ̀ 15.6 náà kò sì tó ohun tí mo lè tìtorí rẹ̀ tún ètò náà kọ. Mo fi í sílẹ̀ lórí ọ̀já.