Ibi tí ó yẹ kí ilé adìyẹ kọjú sí

Ẹ̀yin ará wa tó fẹ́ kan ilé adìyẹ sẹ́yìnkùlé, kí ẹ tó ra pákó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kúrú ni kí ó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ fi pákó dí wọn pa. Àwọn méjì tó gùn, tí ẹ máa fi nẹ́ẹ̀tì sí, kí wọ́n kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé tààrà. Pákó ló máa bá, atẹ́gùn á sì máa gba inú nẹ́ẹ̀tì kọjá. Ooru Abẹ́òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe eré, pàápàá lẹ́bàá àpáta tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀. Adìyẹ kì í sì í làágùn: ẹnu ló máa là sílẹ̀, á ju apá sílẹ̀, oúnjẹ á sú u, ẹyin á dín kù. Tí ilẹ̀ yín bá le débi tí ọkọ́ kò wọ̀ ọ́, ẹ fi kọnkéré ri òpó sínú ike ọ̀dà tó ti ṣófo. Kí páànù yọ síta dáadáa nítorí òjò. Àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe kọjú ilé tó máa gba adìyẹ là tí ẹ bá há wọn mọ́ra. Adìyẹ 4 tàbí 5 ti tó fún mítà kan níbùú lóròó.