Bí A Ṣe Ń Fi Ìgbì Rédíò Mú Orúnkún Gbóná Láìjó Aláìsàn

Láti nǹkan bí ọdún 1890 ni Arsène d'Arsonval, dókítà ará Faransé, ti fi hàn ní Paris pé iná mọ̀nàmọ́ná tí ó bá ń yí padà ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í gbọn iṣan mọ́, ooru ni aláìsàn máa ń mọ̀. Lórí èyí ni Franz Nagelschmidt, dókítà ará Jámánì, gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé, tí ó sì pe ìtọ́jú náà ní diathermy, ìyẹn ooru tí ń la ara já. Àwo irin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara nígbà náà, bí ó bá sì yẹ̀ díẹ̀, ó lè jó awọ. Ìgbì kúkúrú, ìyẹn irú ìgbì rédíò kan, tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1930 ló jẹ́ kí àyè wà láàárín àwo àti ara, òun náà la ṣì ń lò.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ bèèrè bóyá aláìsàn lóyún, bóyá irin tàbí ẹ̀rọ tí ń ṣètò lílù ọkàn wà nínú ara rẹ̀, tàbí bóyá ó ní jẹjẹrẹ. Bí ọ̀kan bá wà, ẹ má ṣe é rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi gbígbóná sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti omi tútù sínú èkejì, kí ẹ máa fi wọ́n kan orúnkún náà níkọ̀ọ̀kan nígbà tí aláìsàn bá di ojú, kí ó sì sọ èyí tí ó gbóná. Èmi ka ìdánwò yìí sí ju ìyókù lọ, nítorí pé inú ẹran ara ni ooru yìí ti ń ru, ẹnu aláìsàn nìkan ló sì lè sọ bí ó ṣe tó. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jóná kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sórí àga onígi, kí ó bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ onírin, kí ẹ sì nu òógùn rẹ̀ gbẹ, torí pé ooru máa ń kó jọ síbi tí òógùn bá wà lára. Ẹ gbé àwo méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí tówẹ́lì gbígbẹ wà láàárín wọn àti awọ. Kí wáyà má sì kan ara tàbí kan ara wọn.

Ẹ máa gbé agbára rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí aláìsàn yóò fi sọ pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì tu òun lára. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ má jẹ́ kí ó sùn, bí ó bá sì ti ní ó ń ta òun, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tú tówẹ́lì náà, kí ẹ sì wo awọ rẹ̀ dáadáa.