Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ìtàn-Àròsọ Yín Àkọ́kọ́ Jáde ní Èdè Yorùbá

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní láti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí ń gbé ìwé jáde àti ẹni tí ń tẹ̀wé. Àwọn tí ń gbé ìwé jáde, irú bíi University Press àti Evans ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ló ń yan iṣẹ́, tí wọ́n ń ná owó ara wọn lé e lórí, tí wọ́n sì ń wá ọjà fún un. Atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó ní tirẹ̀ á gba owó yín, á tẹ iye ẹ̀dà tí ẹ sanwó fún, á sì dì í fún yín. Àwọn kan tún wà tí wọn á yin iṣẹ́ yín lónìí, tí wọn á sì ní kí ẹ mú owó wá lọ́la. Atẹ̀wé ni wọ́n, ọ̀wọ́n gógó sì ni.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Ìbàdàn fi ń jẹun, nítorí náà olóòtú wọn á fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn yín ṣe é kà ní kíláàsì. Ẹ fi lẹ́tà ojú-ewé kan, àkópọ̀ ìtàn títí dé òpin rẹ̀, àti orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́, àyàfi tí wọ́n bá béèrè ohun mìíràn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yẹ àmì ohùn wò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan kì í ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n tí àmì bá tún gun orí rẹ̀, bí ó ti rí nínú ẹ̀ àti ẹ́, fọ́ǹtì tí kò mọ Yorùbá á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ tẹ ojú-ewé kan sórí bébà, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀lé e lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé àdéhùn, pàápàá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó. Ká ní ₦4,000 ni wọ́n ń ta ìwé náà, tí ilé ìtàwé sì ń yọ ìdá 40 nínú 100: tí owó òǹkọ̀wé bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100, lórí iye ara èèpo ìwé ó jẹ́ ₦400, ṣùgbọ́n lórí owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́, ₦240 péré ni. Ẹ má ta ẹ̀tọ́ yín pátápátá nítorí owó ojú ẹsẹ̀, nítorí pé òfin ọdún 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kódà bí kò tilẹ̀ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ náà á padà sọ́wọ́ yín tí wọn kò bá tẹ ìwé náà mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ dá a gbé jáde fúnra rẹ̀ á gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́dọ̀ Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, á sì fi ẹ̀dà 3 ṣọwọ́ síbẹ̀ tí ìwé bá jáde.