Àṣìṣe táwa èèyàn máa ń ṣe tá a bá rí praying mantis

Kiní aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń ká apá méjèèjì sáyà bí ẹni ń gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi bàtà pa á mọ́. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n á ní ó lóró, kò lóró rárá, kì í ta èèyàn bí oyin, àfi tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́ ló lè fi ẹ̀gún apá ẹ̀ gún yín tàbí kó gé yín jẹ díẹ̀. Eṣinṣin àti tata ló ń fi ẹ̀gún yẹn mú, á na apá jáde wàì, á há a mọ́ra, á wá máa jẹ ẹ́ láàyè.

Ẹ má sì pè é ní tata náà o. Wọ́n jọra lóòótọ́ àmọ́ aáyán àti ikán gan-an ni mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Ẹ ṣáà rìn gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, á yí orí wò yín bí èèyàn! Ojú márùn-ún ló ní, ńlá méjì, kékeré mẹ́ta níwájú orí, etí ẹ̀ wá jẹ́ ẹyọ kan péré, abẹ́ àyà ló wà, òun ló fi ń gbọ́ ohùn àdán tí etí tiwa ò lè gbọ́, tó bá ń fò lóru tó gbọ́ ọ, á já wálẹ̀ lójijì kí àdán má bàa gbé e.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń kó méjì sínú ìgò kan, ọ̀kan á jẹ èkejì ni. Tẹ́ ẹ bá sì rí i tó dorí kodò tí kò jẹun, ẹ má gbọn ẹ̀ka yẹn, kì í ṣe àìsàn, awọ ló fẹ́ bọ́, tó bá já bọ́ nígbà yẹn ẹsẹ̀ ẹ̀ lè wọ́ tàbí kó kú.

Èyí tó kù ni ẹyin. Ó máa ń dà bíi fóòmù gbígbẹ lára igi, àwọn èèyàn á rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n á fọ̀bẹ ha á dànù, bẹ́ẹ̀ ẹyin inú ẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ro oko tẹ́ ẹ bá a pàdé, ẹ gé ẹ̀ka yẹn jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ so ó mọ́ igi míì.